Ọ̀sẹ̀ Tí A Ń Kà Pọ̀

 

 Ọmọ yín ni mí. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni ìyá mi, inú ìjọ Áńgílíkà ni wọ́n bí wọn sí, wọ́n sì ṣe ìsàmì fún wọn ní kékeré. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété ni bàbá mi, Onítẹ̀bọmi pọ́ńbélé. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, bí ẹnìkan bá bi mí pé ìjọ wo ni mò ń lọ, èmi náà á bi í pé, "Níbo la wà lónìí?" Bí a bá wà ní Ọ̀yọ́, ìjọ ìyá mi ni. Bí a bá wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ ti mọ̀ ọ́n.

Ìgbìmọ̀ ayẹyẹ ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ìjọsìn, ẹ̀kọ́ Bíbélì àti ìdàpọ̀ àwọn ará láàárín ọ̀sẹ̀. Mo gbà, ṣùgbọ́n mo tọrọ àyè kí n fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo gbé e kalẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ni "kà". À ń ka ọjọ́. À ń ka ìwé. A sì máa ń ka èèyàn kún, tàbí ká má kà á kún. Àwọn tó dá ìjọ sílẹ̀ ní ìlú méjèèjì yìí ti ń ka ọjọ́ pọ̀ kí ọ̀pọ̀ nínú wọn tó mọ ìwé kà. Ìpàdé kékeré tí wọ́n ń kà bọ̀ yìí, èyí tí àwa sọ di ohun tí a ń ṣe bí àyè bá yọ, òun ló gbé ìjọ dúró nígbà tí kò sí oníwàásù, kò sí ilé, kò sí owó. Ohun tí mo wá sọ nìyẹn.

Ọjọ́ mẹ́rin àti ọjọ́ méje

Kí ìhìnrere tó dé, ọ̀sẹ̀ Yorùbá kì í ṣe ọjọ́ méje. Ọjọ́ mẹ́rin ni: Ọjọ́ Awo, Ọjọ́ Ògún, Ọjọ́ Jàkúta, Ọjọ́ Ọbàtálá. Bí a bá ka ọjọ́ tí a ti bẹ̀rẹ̀ mọ́ èyí tí a padà sí, á di márùn-ún; ìdí rẹ̀ nìyẹn tí a fi ń pe ọjà tó ń yí bẹ́ẹ̀ ní ọjà ọrọọrún. Ọ̀rọ̀ náà "ọ̀sẹ̀" gan-an, ọjọ́ ìsìn òrìṣà ló ń jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá ní òun ń ṣe ọ̀sẹ̀ lónìí, obì àti omi tútù ló ń gbé lọ síwájú òrìṣà rẹ̀. Ní Ọ̀yọ́ tí Ṣàngó ti jọba, ta ni kò mọ Ọjọ́ Jàkúta? Nígbà tí oníwàásù wá dúró lábẹ́ igi, tó ní kí wọ́n padà wá ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ọ̀rọ̀ kékeré kọ́ ló sọ. Ó ń sọ fún àgbẹ̀ àti alájàpá pé kí wọ́n yí ẹsẹ̀ ayé wọn padà.

Kì í ṣe àwa la kọ́kọ́ ka méje o. Àwọn Mùsùlùmí ti ń kà á ṣáájú wa. Àtìní, Àtàlátà, Àlàrùba, Àlàmísì, Jímọ̀: ọ̀dọ̀ wọn ni orúkọ wọ̀nyí ti wá, àwọn àgbà ìjọ wa sì ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀ láìbìkítà. Mo rántí bàbá díákónì kan tó máa ń kéde pé, "Ẹ̀kọ́ Bíbélì wa dọ̀la, Àlàrùba, ní agogo mẹ́rin." Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ tí a fi ń sin Ọlọ́run nínú ilé yìí: àdúrà, ìwáásù, àlùfáà, wòlíì. Ẹnu àwọn Mùsùlùmí ni Yorùbá ti kọ́kọ́ gbọ́ wọn kí Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó kó wọn sínú Bíbélì. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ bá aládùúgbò rẹ̀ jà nítorí ẹ̀sìn, kó kọ́kọ́ dá ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà fún un.

Ẹ bá mi ṣírò díẹ̀. Ọjà ń yí ní ọjọ́ mẹ́rin mẹ́rin, ìjọ ń yí ní ọjọ́ méje méje. Ọjọ́ 28 ni wọ́n fi ń pàdé. Ìyẹn ni pé lẹ́ẹ̀kan ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ọjà á bọ́ sí Ọjọ́ Ìsinmi gẹ́lẹ́. Ìyá àgbà mi, ìyá tó bí bàbá mi, ń ta ẹ̀lùbọ́ ní irú ọjà bẹ́ẹ̀. Wọn kò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ rí, ṣùgbọ́n ìṣirò yìí wà ní orí wọn ju bó ṣe wà lórí ìwé lọ. Wọ́n ní orí ògiri ni àwọn ìyá wọn ti ń fi ẹfun fa ìlà, ó bá di méje, wọ́n á pa á rẹ́, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Bí ọjà bá ti máa bọ́ sí Ọjọ́ Ìsinmi, Ìyá àgbà á gbé ẹ̀lùbọ́ wọn fún aládùúgbò wọn, ìyá kan tó jẹ́ Mùsùlùmí, pé kó bá wọn tà á. Bó bá sì bọ́ sí Jímọ̀, Ìyá àgbà á jókòó ti igbá ìyá náà títí tó fi máa kírun tán. Mi ò rí i kà nínú ìwé ìtàn ìjọ kankan. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi mí pé báwo ni ìsìn ọjọ́ méje ṣe fìdí múlẹ̀ láàárín ọjà ọjọ́ mẹ́rin, igbá ẹ̀lùbọ́ yẹn ni màá nawọ́ sí.

Nígbà tí oníwàásù kò sí

Ní 1850 ni Thomas Jefferson Bowen, ará Amẹ́ríkà, gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì. Ó ti ṣe sójà rí kó tó di oníwàásù. Ó gbé Abẹ́òkúta, ó kọ́lé sí Ìjàyè, ní 1855 ó dé Ògbómọ̀ṣọ́. Ní 1856, ara rẹ̀ kò gbà á mọ́, ó padà sílé. Ìwé gírámà àti atúmọ̀ èdè Yorùbá tó kọ jáde ní Washington ní 1858. Ẹ kíyè sí i: ẹni tí à ń fi orúkọ rẹ̀ sọ ilé ìwòsàn àti yunifásítì, kò lò ju oṣù díẹ̀ lọ láàárín àwọn bàbá wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí.

Àwọn mìíràn tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀ ní 1860, ní 1862 Ìjàyè tú. Kí ogun yìí tó parí, Amẹ́ríkà náà ti dojú ìjà kọ ara rẹ̀ ní 1861, owó tó ń bọ̀ láti òkè òkun gbẹ. Ní 1867, àwọn Ẹ̀gbá lé àwọn oníwàásù òyìnbó jáde ní Abẹ́òkúta. Ọdún 1875 ni W. W. Colley àti W. J. David tó dé sí Èkó láti tún iṣẹ́ àwọn Onítẹ̀bọmi bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún nínú àkókò yìí, kò sí òyìnbó oníwàásù kan ṣoṣo ní Ògbómọ̀ṣọ́.

Ní Èkó, opó kan wà, Sarah Harden. Ọkọ rẹ̀, Joseph Harden, aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà tó jẹ́ oníwàásù, kú ní 1864. Opó yìí ló kó agbo kékeré náà mọ́ra. Níbí, nígbà tí iṣẹ́ tún bẹ̀rẹ̀, àwọn onígbàgbọ́ ṣì wà. Ní 1880 wọ́n gbọ́wọ́ lé ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ kan lórí láti ṣe àlùfáà, Moses Ládèjọ Stone, ẹni tí ìtàn ìjọ kò lè gbàgbé nítorí pé òun ló ṣáájú àwọn tó ya kúrò lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó ní Èkó ní 1888. Ibo ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ ti lè hù, bí kì í bá ṣe pé àwọn kan ń ka méje kiri nígbà tí kò sí ẹni tó ń wò wọ́n?

Àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tún gbé àṣà yìí dání lọ sẹ́yìn odi. Ẹ̀yin tí bàbá yín ṣòwò dé Gold Coast mọ ìtàn yìí jù mí lọ. Ní Kumasi, ní Tamale, nínú yàrá tí wọ́n háyà, láàárín igbá ata àti ìdì aṣọ, ni àwọn oníṣòwò wa ti ń pé jọ pẹ̀lú Bíbélì Yorùbá àti ìwé orin. Àwọn ará ibẹ̀ ń pè wọ́n ní Aláàtà. Ọ̀pọ̀ ìjọ Onítẹ̀bọmi orílẹ̀-èdè náà, irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ ló bí wọn, kí oníwàásù ará Amẹ́ríkà kankan tó wá tẹ̀dó sí àárín wọn. Ní November 1969, ìjọba Busia ní Ghana, bí Gold Coast ti ń jẹ́ nígbà náà, ní kí àlejò tí kò níwèé ìgbélùú kó ẹrù rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn èèyàn wa fi ilé sílẹ̀, wọ́n fi gbèsè tí wọ́n jẹ wọ́n sílẹ̀, wọ́n fi ilé ìsìn tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kọ́ sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ níbí lọ́jọ́ Sátidé, àpò kan ló kù lọ́wọ́ wọn. Lọ́jọ́ kejì, kí agogo tó lù, wọ́n ti jókòó nínú kíláàsì àwọn àgbà. Olùkọ́ ní kí wọ́n ka ẹsẹ tó kàn. Wọ́n kà á.

Ìwé kíkà

Ìjọ tí a bí wa sí, ìjọ oníwèé ni. Robert Raikes tó bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi ní Gloucester ní 1780, àwọn ọmọdé tó ń ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ mẹ́fà tó kù ló kó jọ láti kọ́ wọn ní ìwé kíkà. Ohun tó dé ilẹ̀ Yorùbá nìyẹn: Ìwé ABD lápá kan, Bíbélì lápá kejì. Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn tí kò jìnnà sí Ìsẹ́yìn, tí wọ́n kó lẹ́rú ní 1821, ló wàásù ní èdè Yorùbá ní Freetown ní 1844. Nígbà tó fi máa di 1884, òun àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ti parí gbogbo Bíbélì ní Yorùbá. Ẹnu àwọn àgbà ló ti ń ṣa ọ̀rọ̀; ó mọ̀ pé ìwé tí wọ́n máa kà sókè láàárín ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ dùn létí kó tó dùn lójú.

Mo fẹ́ kí ẹ rí kíláàsì àtijọ́ náà. Bẹ́ǹṣì gígùn mẹ́ta ní ìgun ilé ìsìn, kíláàsì mìíràn ní ìgun kejì, ariwo ń dà lu ara wọn. Olùkọ́ kì í wàásù. Ẹsẹ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń kà, ó ń lọ láti ẹnu dé ẹnu. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kà, ẹni tó jókòó tì í á kà á sí i létí, òun náà á sọ ọ́ jáde. Ó pẹ́, àmọ́ èèyàn bẹ́ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka tọ ìlà, títí ọjọ́ kan tó máa kà á kí ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó la ẹnu. Bí Ìyá àgbà ṣe mọ̀wé nìyẹn. Ẹni tó béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, wọ́n sì máa ń béèrè gidi. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bi olùkọ́ pé kí ló dé tí Míkálì ọmọ Sọ́ọ̀lù kò rí ọmọ bí, ṣé Ọlọ́run ló fìyà jẹ ẹ́ ni àbí Dáfídì ni kò yà sọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́. Olùkọ́ ní àkókò ti lọ.

Nígbà tí wọ́n tún ọ̀nà ìkọ̀wé Yorùbá ṣe ní 1974, mo mú ìwé tuntun kan lọ fún Ìyá àgbà. Wọ́n gbé e sún mọ́ ojú, wọ́n gbé e jìnnà. "Aiye" tí wọ́n mọ̀ nínú Bíbélì ti di "ayé". Wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé, ta ló jí lẹ́tà kan gbé nínú ayé wa?" Olùkọ́ Yorùbá ni mí, mo sì ti ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yẹn fún akẹ́kọ̀ọ́ fún ọgbọ̀n ọdún, mi ò tíì rí èsì tó tó tiwọn.

Ní 1896, àwọn C.M.S., ẹgbẹ́ oníwàásù ìjọ Áńgílíkà, gbé ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ wọn wá sí Ọ̀yọ́, èyí tó di St. Andrew's College, Ajayi Crowther University ló wà lórí ilẹ̀ náà báyìí. Ní 1898, Charles Edwin Smith bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà Onítẹ̀bọmi ní Ògbómọ̀ṣọ́. Àwọn tó ń jáde níbẹ̀ ló ń kọ́ ọmọ ní ABD láti Monday dé Friday, tí wọ́n tún ń di kátíkíìsì lọ́jọ́ Ìsinmi, nínú ilé kan náà, lórí bẹ́ǹṣì kan náà. Ìwé kíkà yìí sì bí ìwé kíkọ. Ta ló kọ ìtàn Ọ̀yọ́ tí gbogbo ayé ń kà? Àlùfáà ìjọ Áńgílíkà ní Ọ̀yọ́ ni, Samuel Johnson, ẹni tí Aláàfin Adéyẹmí Kìíní fi ìwé àlàáfíà rán sí Gómìnà ní Èkó nígbà ogun Kírìjì. Ó parí iṣẹ́ náà ní 1897, ìwé àfọwọ́kọ rẹ̀ sọnù sọ́wọ́ àwọn atẹ̀wé ní London, ó kú ní 1901, àbúrò rẹ̀ Obadiah tún un tò, ó jáde ní 1921. Ta ló kọ *Ìwé Ìtàn Ògbómọ̀ṣọ́* ní 1934? N. D. Oyèrìndé ni, Onítẹ̀bọmi, olùkọ́. Fágúnwà tó kọ *Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀* ní 1938, St. Andrew's ló ti kọ́ iṣẹ́ olùkọ́. Ẹni tó bá sì fetí sí ìró gbólóhùn rẹ̀, á gbọ́ oníwàásù níbẹ̀.

Ẹni tí a kà kún

Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà nínú ìjọ Onítẹ̀bọmi rántí àsíá. Lẹ́yìn ẹ̀kọ́, akọ̀wé á dìde: kíláàsì kìíní, iye èèyàn, iye Bíbélì, iye owó. Kíláàsì tó bá tayọ ló ń gba àsíá. A ń rẹ́rìn-ín sí i nígbà náà, àwa ọmọdé a sì máa gbé Bíbélì méjì wá kí iye lè pọ̀. Ṣùgbọ́n ìwé orúkọ yẹn, tí akọ̀wé ń pè lórí ìjókòó, iṣẹ́ ńlá ló ń ṣe. Bí ẹnìkan kò bá dáhùn orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kíláàsì á ya sí ilé onítọ̀hún. Nígbà tí bàbá mi wà lórí àìsàn, kíláàsì wọn ló wá ro oko wọn. Mọ́kànlá ni wọ́n. Mo kà wọ́n.

Ìtàn Eutíkù nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì máa ń dùn mọ́ mi. Ọjọ́ kìíní ọ̀sẹ̀ ni, yàrá òkè ni, fìtílà pọ̀ níbẹ̀, Pọ́ọ̀lù sì sọ̀rọ̀ dé ọ̀gànjọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà sùn lọ lójú fèrèsé, ó já bọ́ láti òkè kẹta. Àwọn oníwàásù fẹ́ràn láti fi í bá àwọn tó ń sùn wí. Èmi ò rí ìyẹn níbẹ̀. Ohun tí mo rí ni pé wọ́n mọ̀ pé ó já bọ́, wọ́n sì mọ orúkọ rẹ̀. Mo ti lọ sí àgọ́ ńlá ojú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, inú mi dùn síbẹ̀, orin wọn gbé mi sókè. Ṣùgbọ́n bí mo bá já bọ́ láti ojú fèrèsé níbẹ̀, orí ẹ̀rọ gbohùngbohùn ni wọ́n á ti máa béèrè ta ló ni mí.

Àlàrùba ti ìsinsìnyí

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tó ń dùn mí. Ní ìjọ kan tí n kò ní dárúkọ, tí kò sí láàárín àwọn tó wà níbí, mo lọ sí ẹ̀kọ́ Bíbélì ní àárín ọ̀sẹ̀ fún oṣù mẹ́ta. Lára wákàtí kan, ìkéde gba ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, owó ìkórè gba ogún, olùdarí sọ̀rọ̀ ní ìyókù. Kò sí ẹni tó ka ẹsẹ kan sókè, kò sí ẹni tó béèrè nǹkan kan. Àwa méjìlá la wà níbẹ̀. Wọ́n ń ráhùn pé àwọn èèyàn kò wá mọ́. Kí ni kí wọ́n wá ṣe?

Mi ò ní ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ pé ayé le. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023, ẹni tó ń gun ọ̀kadà wá sí ìjọ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ní láti yan ọjọ́ kan. Ọjọ́ Ìsinmi ló máa yàn, ta ló máa bá a wí? Iná kò sí, jẹnẹrétọ̀ fẹ́ epo. Ṣùgbọ́n kíláàsì àwọn ìyá kan wà ní ìlú yìí tí mo máa ń bá ṣe ẹ̀kọ́. Nígbà tí ìjọba ti ilẹ̀kùn ilé ìsìn ní 2020 nítorí kòrónà, ọmọ ọ̀kan nínú wọn tó wà ní ìlú òyìnbó so wọ́n pọ̀ lórí fóònù. Ohùn ń já, àkùkọ ń kọ nílé ẹnìkan, ẹnìkan ń dín àkàrà lọ́wọ́. Ẹsẹ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń kà. Nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, wọn kò padà sí gbọ̀ngàn. Abẹ́ igi máńgòrò ìyá àgbà wọn ni wọ́n ń jókòó sí, ní agogo mẹ́rin tí ojúmọ́ ṣì wà, gbogbo wọn sì ń fẹsẹ̀ rìn dé ibẹ̀. Wọn kò lo jẹnẹrétọ̀. Wọ́n ní ìwé orúkọ.

Bí ìgbìmọ̀ ìjọ yìí bá fẹ́ gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, kí wọ́n jẹ́ kí àdúgbò kọ̀ọ̀kan ní igi máńgòrò tirẹ̀, kí wọ́n sì jẹ́ kí ẹni tí kò lè kàwé dáadáa jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tó máa ka ẹsẹ.



    

Ẹnìkan ló kù tí mo fẹ́ kà kún. Ọmọ aládùúgbò Ìyá àgbà, ọmọ ìyá tó ń bá wọn ta ẹ̀lùbọ́ bí ọjà bá bọ́ sí Ọjọ́ Ìsinmi, wà láàárín wa. Alhaja ni, wọ́n jókòó ní ìlà kẹta, wọ́n sì ti ṣẹ́jú sí mi pé kí n má dárúkọ àwọn. Nígbà tí mò ń wọlé, mo dọ̀bálẹ̀, mo ní mo fẹ́ sọ ìtàn ìyá wọn. Wọ́n ní kí n sọ ọ́, ṣùgbọ́n kí n fi kún un pé owó ẹ̀lùbọ́ náà máa ń pé. Mo ti fi kún un, mà.